Etí Ni Wọ́n Fi Ń Ra Ọkọ̀

Bírikìlà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀rányàn, n'Ìbàdàn, kì í fi ojú nìkan yẹ ilé wò. Bí wọ́n bá pè é pé kó wá wo ilé àtijọ́ kan tí ẹnì kan fẹ́ rà, kò ní sọ̀rọ̀ ọ̀dà, kò ní sọ ti fèrèsé. Á ká ìka ọwọ́ ọ̀tún kò, á súnmọ́ ògiri, á wá máa fi oríkèé ìka kàn án láti abẹ́ fèrèsé lọ títí dé igun ilé. Kó, kó, kó. Ohùn tó le, tó sì kúrú ló ń fẹ́ gbọ́. Bó bá dé ibi tí ohùn náà rọ̀, tó di bòò, á dúró, á tún un kàn, á sì fi èédú fa ìlà yí ibẹ̀ ká.

Omi ló ń wá. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ láti Ọ̀rányàn dé Bẹẹrẹ, Bẹ́yẹrúnká àti ẹsẹ̀ òkè Màpó, amọ̀ ni wọ́n fi mọ wọ́n; nígbà tí owó dé ni wọ́n tó fi símẹ́ǹtì rẹ́ wọn. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ilé bíríkì ni. Ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì le ju amọ̀ lọ, àwọn méjèèjì kì í jọ mì, nítorí náà símẹ́ǹtì á là. Òjò á gba ojú lílà tín-ínrín wọlé lábẹ́ páànù. Kò sì ní rọrùn fún un láti jáde mọ́, torí símẹ́ǹtì tí wọ́n fi lé òjò lọ náà ló wá sé omi mọ́ inú. Ògiri lè ti di ẹrẹ̀ nínú nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ará Ìbàdàn kò sì nílò olùkọ́ lórí pé omi lè wó ilé. Wọ́n rí i ní 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya. Wọ́n tún rí i ní 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011.

Mo ń sọ èyí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó jọ pé kò kan Ọ̀rányàn rárá, ìyẹn ríra ọkọ̀ ojú omi àlòkù. Kì í ṣe èyí tó ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí CMS l'Ékòó ni mò ń wí. Ọkọ̀ tí tọkọtaya àtàwọn ọmọ wọn lè gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ni: ibùsùn wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìtura wà, ìgbòkun sì lè wà lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì l'Ékòó. Láti 1932 ni Lagos Yacht Club ti wà, àwọn olówó sì máa ń fi òpin ọ̀sẹ̀ najú lójú ọ̀sà títí dé Tarkwa Bay. Ṣùgbọ́n ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lójú omi tí wọ́n ń pè ní Solent láàárín Southampton àti erékùṣù Wight, wọ́n pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Owó ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 30 tí wọ́n kàn ní nǹkan bí ọdún 1980 kò tó owó mọ́tò tuntun. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé lágbègbè yẹn á máa rí wọn lójoojúmọ́, ó sì lè dọjọ́ kan kó tẹ ilé láago pé òun fẹ́ ra ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ ní Ọ̀rányàn á ní, "Ọkọ̀ wo? Ìwọ tí a ò bí sétí omi!" Omi tí bàbá mọ̀ kò ju èyí tó ń wólé lọ, àti èyí tí wọ́n sé sí Ẹlẹ́yẹlé láti 1942 kí ìlú lè rí mu. Síbẹ̀, bí bàbá bá ti ra ilé alámọ̀ rí, òun gan-an ló yẹ kí ọmọ náà gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi kan ọkọ̀ náà. Fáíbà ni: fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n hun bí aṣọ, tí wọ́n wá fi rẹ́sìn lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele títí tó fi gan. Fáíbà kì í jẹrà bí igi, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ti lo ogójì ọdún fi ṣì wà lórí omi. Àmọ́ dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn orí ọkọ̀ tí èèyàn ń rìn lé, kì í sábà jẹ́ fáíbà nìkan. Bó bá nípọn tó bó ṣe yẹ kó nípọn, á wúwo jù, ọkọ̀ á sì máa dorí kodò. Àwọn tó ń kàn án wá dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n fi fáíbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sókè, òmíràn sísàlẹ̀, wọ́n sì fi igi fúyẹ́ sáàárín. Bálísà ni igi náà sábà máa ń jẹ́, èyí tó ń wá láti Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó fúyẹ́, ó le, ó dára púpọ̀, níwọ̀n ìgbà tí omi ò bá ti kàn án.

Omi ń kàn án ṣá. Gbogbo irin tó wà lórí dẹ́ẹ̀kì, àwọn òpó kéékèèké tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká, ìkọ́ tí wọ́n ń so okùn mọ́, ẹsẹ̀ fèrèsé, bóòtù ló dè wọ́n mọ́lẹ̀, bóòtù kọ̀ọ̀kan sì ti lu fáíbà àti bálísà já. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ojú ihò wọ̀nyẹn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí àwọn èèyàn ń di òpó mú gòkè, tí oòrùn ń pa á, gọ́ọ̀mù náà á gan, á là. Òjò á wá máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Fáíbà òkè kò ní jẹ́ kó gbẹ, ti ìsàlẹ̀ kò ní jẹ́ kó ṣàn jáde. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bálísà á di ẹrẹ̀ dúdú tí èèyàn lè fi ṣíbí bù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n ni yóò pa bírikìlà wa lẹ́rìn-ín. Sọ̀féyọ̀ ọkọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan ti ẹni tó ń ri pílà mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀, á kúnlẹ̀ sórí dẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú òòlù kékeré olórí rọ́bà líle. Á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ọkọ̀, á máa kàn án ní ìka méjì-méjì. Kó, kó, kó. Bó bá súnmọ́ ẹsẹ̀ òpó ọgbà, ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀ sí i, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni omi fẹ́ràn. Kó, kó, bòò. Á padà sẹ́yìn, á tún un kàn, á sì fi ẹfun fa ìlà sí ibi tí ohùn ti yí padà. Nígbà tó bá fi máa dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ìlà ẹfun á ti ya àwòrán gbogbo ibi tó ti jẹrà sórí dẹ́ẹ̀kì fún olùrà láti rí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà ń gba etí wọn gbọ́ ju ẹ̀rọ lọ. Bí ibi tó jẹrà kò bá ju àwo ọbẹ̀ kan lọ, wọ́n lè là á, kí wọ́n kó igi rẹ̀ dà nù, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Bó bá jẹ́ ìdajì dẹ́ẹ̀kì, owó àtúnṣe lè ju owó ọkọ̀ lọ, kí olùrà sì dá owó rẹ̀ padà sápò.

Ẹni tó ń kàn án yìí, olùrà ni kó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, olùrà ni kó sanwó fún un. Olówò kan lè sọ pé ọ̀rẹ́ òun kan wà nítòsí tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà tuntun: ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e síta fún títà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ohun tí ọ̀dà náà ń bò. Ní tèmi, ọkọ̀ tó dọ̀tí, tí ẹni tó ni ín kọ gbogbo àtúnṣe tó ti ṣe sínú ìwé pẹ̀lú rìsíìtì, ó sàn ju èyí tó ń dán lọ ní ìlọ́po méjì.

Lẹ́yìn dẹ́ẹ̀kì, wọ́n á fi kérénì gbé ọkọ̀ kúrò lómi. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ láìrí abẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó rà. Abẹ́ náà lè lé ìléròrò. Rẹ́sìn fáíbà máa ń mu omi díẹ̀díẹ̀, omi náà á para pọ̀ mọ́ àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀, á sì wú síta. Bí wọ́n bá bẹ́ ọ̀kan, omi tó ń rùn bí ọtí kíkan ló máa ń tú jáde, agbára sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń wọ awò kó má baà ta sójú. Ẹ̀rù ìléròrò yìí ń ba àwọn olùrà ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ tí ìléròrò rì ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ohun tó ṣàǹfààní níbẹ̀ ni pé ó ń dín owó kù, nítorí ẹ̀rù náà ń ba ẹni tó ń tà á.

Kíìlì ló yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù. Ìwọ̀n irin tàbí òjé ńlá tó wà nídìí ọkọ̀ onígbòkun ni, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bóòtù ló so ó mọ́ ara ọkọ̀. Bóòtù wọ̀nyẹn sábà máa ń jẹ́ irin tí wọ́n ní kì í dípẹtà, àmọ́ bí omi iyọ̀ bá rá pálá wọ ibi tí afẹ́fẹ́ kì í dé lára rẹ̀, á jẹ ẹ́ níkọ̀kọ̀. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Cheeki Rafiki ń bọ̀ láti erékùṣù Antigua sí Southampton. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Kíìlì rẹ̀ já lójú Àtìláńtíìkì. Wọ́n rí ọkọ̀ tó dojú dé lẹ́yìn náà, wọn ò rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́. Nínú ìròyìn tí àwọn olùwádìí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fífẹsẹ̀ kọlẹ̀ tí ọkọ̀ náà ti fẹsẹ̀ kọlẹ̀ láwọn ìgbà kan, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ló sọ ibi tí kíìlì ti so mọ́ ọn di aláìlágbára. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí olùrà bi olówò lójúkojú ni pé, "Ṣé ó ti fẹsẹ̀ kọlẹ̀ rí?" Lẹ́yìn ìdáhùn, kí ó lọ wo ojú ibi tí kíìlì àti ara ọkọ̀ ti pàdé. Bí ìlà bá là níbẹ̀, tí omi ìpẹtà sì ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, olówò náà kò tíì sọ tán.

Àwọn ihò kan tún wà lábẹ́ omi tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu: èyí tí omi ń gbà tutù ẹ́ńjìnnì, èyí tí ilé ìtura ń lò. Táàpù ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí táàpù bá já, òkun ló ń wọlé yẹn. Idẹ tó ní síǹkì púpọ̀ kò dára fún un, torí omi iyọ̀ máa ń fa síǹkì jáde, á sì ku bàbà tó ti di rẹ́mú. Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú. Sọ̀féyọ̀ á fi ọ̀bẹ ha á wò. Bó bá pọ́n bí etí ọmọ ọwọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó padà sómi.

Ti ẹ́ńjìnnì kò ní gbà wá lákòókò, mẹkáníìkì tó bá ti rí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rí ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí olùrà kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án kí wọ́n tó ṣíná sí i. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, olówò ti tan án kó tó dé, èèyàn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ láìnídìí. Èéfín dúdú, èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì tó funfun bíi mílíìkì nítorí pé omi ti wọ inú rẹ̀, gbogbo wọn ní ìtumọ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì tí a mọ̀ ni pé inú omi tó yí ọkọ̀ ká ni ó ti ń fa omi ìtutù rẹ̀. L'Ékòó, omi yẹn kún fún náílọ̀n, ewéko tó ń léfòó tó sì dé orílẹ̀-èdè yìí ní 1984 sì máa ń bò ó ní àwọn oṣù kan nínú ọdún. Ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sà, kí wọ́n tú asẹ́ àti rọ́bà tó ń fa omi náà wò, torí ìgbà mélòó kan péré tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná kọjá ààlà ti tó láti pa á.

Ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà tún ní ohun mìíràn tí ojú ará Ìbàdàn á tètè rí. Nígbà tí ìjì Ian kọlu Florida ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ abánigbófò máa ń tà á ní gbàǹjo, ẹlòmíràn á sì fọ̀ ọ́, á kùn ún, á tún un tà. Ẹ ṣí àpótí abẹ́ ibùsùn. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn pákó. Ilé tí omíyalé wọ̀ ní ìlà lára ògiri, a sì mọ ìlà yẹn. Òun náà ló máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ afọkọ̀ kò dé, àti ìdè tó ti pẹtà níbi gíga tí omi kò yẹ kó dé rí. Láti ìparí 1972, gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n kàn fún títà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà, 12 lápapọ̀, ní ẹ̀yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún. Lára ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún. Bí olówò bá pe ọkọ̀ ní ti 2015 tí nọ́ńbà sì ń wí 03, nọ́ńbà ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tó bá kan ti ìdílé, ìpolówó á sọ pé ọkọ̀ náà gba èèyàn mẹ́fà. Ibùsùn mẹ́fà ló kà. Ọ̀kan nínú wọn ni tábìlì tí wọ́n ń wó mọ́lẹ̀ lálẹ́, òmíràn dín débi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò sùn síbẹ̀ láìjanpata. Èèyàn mẹ́rin ló tó fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó kò bá ní bá wọn lọ. Kí ìyàwó wọ ibi ìdáná, kó dúró níbẹ̀ bí ẹni ń rokà, kó rí i bóyá orí rẹ̀ ń kan òkè. Kí àwọn ọmọ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá wọn mu, kí wọ́n sì rìn yíká dẹ́ẹ̀kì, kí òbí wo bí òpó ọgbà yẹn ṣe ga tó lára wọn.

Gáàsì ìdáná ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ níbẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Nínú ilé, bó bá ń jò, á gba ẹnu ọ̀nà jáde bí a bá ṣí i. Nínú ọkọ̀, kò sí ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀: á ṣàn lọ sí ikùn ọkọ̀ lábẹ́ pákó, á dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa ṣáná. Sílíńdà gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tirẹ̀ tí kò ní ihò sínú ọkọ̀, àpótí náà sì gbọ́dọ̀ ní ojú ìṣàn tó jáde sójú omi. Bí wọ́n bá kó sílíńdà sábẹ́ síńkì bí a ti ń ṣe nílé, ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe, kí ẹ sì fi ojú yẹn wo gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kù.

Ìwé ló kù. Ní Britain, olùrà á kọ́kọ́ dá iye kan, á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀, àdéhùn náà á sì dúró lórí ohun tí sọ̀féyọ̀ bá rí. Bí àbùkù ńlá bá yọjú, ó lè gba owó rẹ̀ padà tàbí kí wọ́n tún iye náà sọ. L'Ékòó, kí ó béèrè ìwé tí NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ojú omi abẹ́lé, fún ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ló ni ín gan-an? Níbí yìí, ẹni tó bá ti ra ilé ẹbí rí ní Ọ̀rányàn kò ní rí nǹkan tuntun. A mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo kì í ta ilé ìdílé: bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, òfin kò ka títà náà sí, bó bá sì dá a tà láìfi tó àwọn ọmọ ìdílé mìíràn létí, wọ́n lè yí i padà ní kóòtù. Òfin Gẹ̀ẹ́sì pín ọkọ̀ tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní apá kìíní ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn sí ìpín 64. Ọkọ lè ní díẹ̀ níbẹ̀, kí ìyàwó ní díẹ̀, kí àbúrò ọkọ ní díẹ̀, gbèsè báńkì sì lè wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdílé ní, èyí tí wọ́n ń pè ní SSR, kò fi hàn rárá pé ẹni tó mú un dání ló ni ọkọ̀. Ìwé títà ni kí olùrà kà, kó wo iye ìpín tí wọ́n kọ síbẹ̀, kó sì wo iye èèyàn tó fọwọ́ sí i. Bí ọkùnrin kan bá fi ẹ̀rín músẹ́ gba gbogbo owó, tó fọwọ́ sí ìwé fún ìpín 32, ìdajì ọkọ̀ ló tà, ìdajì tó kù sì lè jẹ́ ti ìyàwó tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.